Àtẹ́lẹwọ́ Awakọ̀

Bí ẹ̀ńjìnì ti gbọ̀n gidigidi lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni awakọ̀ àgbà náà yí jíà sí èkejì, ọkọ̀ sì fi Abúlé Òkúta sílẹ̀. Ìdánwò iṣẹ́ ni. Etí rẹ̀ ti di pátápátá láti èṣí, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ mọ ìgbà tí ẹ̀ńjìnì ń fẹ́ jíà, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ lórí ètè ènìyàn nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Bí Alájà tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, tó jókòó lẹ́yìn, bá fura, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Bàbá, jíà yín ń wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni fi òrí sí i!"

"Ogójì ọdún kì í ṣeré, Alájà."

Obìnrin náà yíjú sí fèrèsé, ó pe awakọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọ́. Alájà rẹ́rìn-ín, ó padà kọjú síwájú, ó sì gbé fóònù sétí.

Awakọ̀ ń ka ètè rẹ̀: "Mo ti rí awakọ̀. Adití ni, inú mọ́tò la ó ti máa sọ ọ̀rọ̀ wa. Alájì ọkọ mi ti kú látàná. Kí àwọn ọmọ ìyáálé mi tó gbọ́, a ó ti ta ilé."

Ẹ̀ńjìnì ń gbọ̀n, ó ń wá jíà kẹta. Ọwọ́ awakọ̀ kò gbéra. Igbe ẹ̀ńjìnì gba inú ọkọ̀ kan. Alájà gbójú sókè, ó rí i pé ètè òun ni awakọ̀ ń wò, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin nínú dígí.