Gbéminíyì àti Yìnyín Ṣúgà

Ahun ni Gbéminíyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ahun oúnjẹ. Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀ ní Ugbor, nílùú Benin, ẹ óò jẹ, ẹ óò sì yó. Ìmọ̀ ni kì í fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bi í bó ṣe ṣe ohun kan tó dára, ẹnu rẹ̀ á tì pa bí ilẹ̀kùn báńkì lọ́jọ́ Àìkú. Ìwà yìí ló kó ìtìjú bá a.

Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eré tó fẹ́ràn jù ni kíkọ́ ojú ogun kéékèèké. Yóò to àwọn sójà tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ sórí pákó, yóò gbé ọkọ̀ ogun kékeré sí àárín wọn, yóò sì fi ọ̀dà kùn wọ́n títí wọn ó fi dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn mélòó kan ní Benin ló ń ṣe irú eré yìí, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bàbá Ọláyọdé, ọ̀gá sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wọn.

Nígbà tó yá, Bàbá Ọláyọdé kéde pé ara ti ń di ara àgbà, òun fẹ́ gbé ẹgbẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́ ojú ogun inú yìnyín tó dára jù ni yóò gba ipò mi. Mo rí yìnyín dáadáa nígbà tí wọ́n rán wa lọ sókè òkun. Ẹ ò lè fi òwú tàn mí jẹ o!"

Ta ló ti rí yìnyín bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun ní Benin rí? Ṣùgbọ́n Gbéminíyì mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ó gbẹ́ fóòmù bí òkè, ó po sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù náà, ó sì fi asẹ́ ku sódà gbígbẹ lé e. Ó fi ọ̀dà búlúù tó ṣàn díẹ̀ kan ibi tó yẹ kí òjìji wà. Ẹni tó bá wò ó, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù nínú ẹgbẹ́ náà, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé ní Ogbe, Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó wá bá Gbéminíyì lẹ́yìn ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń ṣe yìnyín tiyín? Òwú ni mo lò, ó wá dà bíi pé àwọn sójà mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

Gbéminíyì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣúgà ni. Lọ̀ ọ́ kúnná, kí o sì fi omi díẹ̀ pò ó. Kò sí ohun tó ń dán tó o."

"Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ óò pẹ́ fún wa."

Gbéminíyì délé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ́dìí. Ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani.

Moyọ̀sọ́rẹ lo ṣúgà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun èèrà ti dé. Wọ́n ṣẹ́gun apá ọ̀tún, wọ́n ṣẹ́gun apá òsì, wọ́n sì ń kó ìkógun lọ. Ọmọbìnrin náà sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú iyọ̀, iyọ̀ yọ́. Ó gbìyànjú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun bu. Ìgbà tó kan sódà ni iṣẹ́ dúró.

Kò wá sí i lọ́kàn pé wọ́n tan òun. Ó rò pé ṣúgà ni Gbéminíyì náà lò, èèrà ni kò tíì rí i. Ó ń pè é lórí fóònù láti kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Gbéminíyì rò pé ẹjọ́ ló fẹ́ wá rò, kò gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, Moyọ̀sọ́rẹ pe ìyàwó Gbéminíyì, Fọláṣadé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ṣúgà ni wọ́n fi ṣe yìnyín yẹn, èèrà ti jẹ tèmi tán!"

"Yéè! Ọkọ mi ò sì sọ fún mi!"

Gbéminíyì wà nílé ìwẹ̀. Fọláṣadé, tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénú, mú agolo oògùn kòkòrò, ó fín in ṣíìì sórí òkè, ó fín in sí àfonífojì, ó sì fi páálí bò ó kí oògùn náà lè ráyè ṣiṣẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jáde, ó gbé ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú.

"Ẹ dúró, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Ìyá Mofẹ́, nígbà tí mo bá gba ipò tán, a ó sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká lọ!"

Oògùn kòkòrò àti fóòmù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ńṣe ló máa ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Nígbà tí Gbéminíyì ṣí páálí níwájú gbogbo ẹgbẹ́, òkè ti wó. Ọkọ̀ ogun ti forí sọ kòtò, àwọn sójà nà gbalaja, yìnyín funfun sì ti pọ́n bíi gààrí tí wọ́n fi epo yan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pariwo, "Oga, your snow don catch fever o!" Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Gbéminíyì jágbe. "Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Fọláṣadé ní, "Èmi ni. Oògùn èèrà ni mo fín sí i. Moyọ̀sọ́rẹ ló ní ṣúgà lẹ fi ṣe é."

"Ṣúgà kẹ̀? Wèrè wo ni yóò fi ṣúgà ṣe yìnyín? Sódà ni mo lò!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Moyọ̀sọ́rẹ wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lo ṣúgà?"

Gbéminíyì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn sójà rẹ̀ padà sínú páálí. Bàbá Ọláyọdé mi orí.

"Sójà tó bá yìnbọn lu ẹni tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà, a kì í fi í ṣe ọ̀gá."

Moyọ̀sọ́rẹ ló gba ipò. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Oníṣúgà ni wọ́n ń pe Gbéminíyì. Bó bá fẹ́ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn tòótọ́ pàápàá, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì lọ bi ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ náà, bó bá ń po tíì fún un láàárọ̀, á béèrè pé, "Ṣé kí n fi yìnyín díẹ̀ sí i?"

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ kì í ṣe ọbẹ̀ tí ń tán bí a bá bù ú fún aládùúgbò. Bí ẹ ò bá fẹ́ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò lè sọ. Kò sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn lù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ ṣi ẹni tó gbọ́kàn lé yín lọ́nà, nítorí ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ẹni tí ẹ ti ṣẹ̀ bá sì ń pè yín lórí fóònù, ẹ tètè gbé e, ó lè jẹ́ pé oore ló fẹ́ ṣe yín.