Bébà Ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀bẹ búrẹ́dì ò mú mọ́. Wietske fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn, búrẹ́dì dúdú náà kàn ń rún ni.

"Harmen, kí lo ń fi ọ̀bẹ yìí ṣe níbi iṣẹ́? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pọ́n ọn."

"Búrẹ́dì tó o ń dì fún mi ni kó o bi," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ọ̀bẹ wo ló fẹ́ ṣẹ́gun ẹ̀?"

Wietske ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwàdà Harmen ti pa á lẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Akọ̀wé ni Harmen ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní káàdì tí wọ́n fi ń gba ìpín oúnjẹ. Nígbà tí ogun dé tí àwọn ará Jámánì gba ìlú, àwọn kan fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé àwọn mìíràn. Harmen dúró. Nígbà tí gbogbo ìlú ń mu ọkà bálì sísun dípò kọfí, òun ń bá ọ̀gágun wọn mu ojúlówó kọfí. Ó máa ń mú ṣúgà wálé nínú àpò. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé, bàtà rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀, á ní àwọn ará Jámánì ló dá òun dúró. Nígbà mìíràn á ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ pé kí ìyàwó òun má ṣe dúró de òun, lórí bébà ọ́fíìsì tó ní ẹyẹ idì, àmì ìjọba Jámánì, lókè. Wietske á ká a, á jù ú síná. Àwọn aládùúgbò ò kí Harmen mọ́, wọn ò sì kí òun náà mọ́.

Ohun tí Wietske sọ fún Harmen ni pé òun ń lọ ránṣọ lọ́dọ̀ Dieuwke, opó àlùfáà. Aṣọ kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló wà lókè àjà opó náà, òun ni àwọn obìnrin méjèèjì fi ń tẹ ìwé ìròyìn abẹ́lẹ̀, ojú ewé méjì péré: ohun tí rédíò Lọ́ńdọ̀nù sọ, àti orúkọ àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ìbọn ni.

Bébà ló ṣòro jù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, Wietske á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé igi ìdáná tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, létí odò, á bá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ewé bébà nínú àpò ògbólógbòó kan lẹ́yìn igi. Bébà tó dáa ni, àfi pé ó máa ń kúrú díẹ̀ lókè, etí ibi tí wọ́n gé náà ò sì gún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè ẹni tó ń gbé e wá.

"Mi ò mọ̀," ni Dieuwke wí. "Òun náà ò mọ̀ wá. Ẹni tí ò mọ nǹkan ò ní nǹkan tó máa jẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jókòó, ọmọ mi, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ."

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, Dieuwke pè é wọ ilé ìdáná. Ẹni tiwọn tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti gbọ́ nǹkan lórí tẹlifóònù. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́la, àwọn ará Jámánì máa ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á tú àpò àti ara gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ibẹ̀ lọkọ ẹ wà," ni Dieuwke wí. "Bó bá ṣeé fọkàn tán, sọ fún un kó díbọ́n àìsàn lọ́la. Bí ò bá ṣeé fọkàn tán, tó o sì sọ fún un, á wádìí ẹni tó tú àṣírí, àwọn ará Jámánì á sì pa ẹni wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mẹ́rin ló ní."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ẹ fọkàn tán an?"

"Ṣé èmi ni mò ń bá a sùn?"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Wietske di búrẹ́dì. Harmen mú ọ̀bẹ, ó fi sínú àpò rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Wietske."

"Kí ni?"

Harmen di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. "Kò sí nǹkan. Má dúró dè mí fún oúnjẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè Wietske. Ló bá rántí ọjọ́ tí wọ́n mú apòògùn àdúgbò lọ, tí Harmen dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá ọ̀gágun náà rẹ́rìn-ín. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni àwọn ará Jámánì ni lóòótọ́, kí ni wọ́n máa fi í ṣe? Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Baukje, aládùúgbò tó wà nílé kejì, kan ilẹ̀kùn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Wọ́n ti mú àwọn kan ní gbọ̀ngàn ìlú. Harmen wà níbẹ̀."

"Wọ́n á fi í sílẹ̀," ni Wietske wí. "Ọ̀rẹ́ wọn ni."

Baukje bá tirẹ̀ lọ. Wietske fi ànàmọ́ Harmen sórí ààrò kó má bàa tutù. Ànàmọ́ gbẹ, ó jóná, Harmen ò dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Wietske gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé igi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó igi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, kò sí bébà níbẹ̀.