Ilẹ̀kùn Gáréèjì Abọ́dúndé

Abọ́dúndé Akínlabí kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Ìwà yìí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Bí o bá fẹ́ kìlọ̀ fún un, kí o tó la ẹnu tán, á ti ní, "Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀." Kí ló mọ̀? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Ìpọ̀nrí nílùú Èkó ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àríkẹ́, tó mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tí olè wọ gáréèjì wọn, tó jí bátìrì ọkọ̀ lọ, inú bí i gan-an. Ó ránṣẹ́ pe Aminullah, oníṣẹ́ iná kan ní Muṣin.

Ó ní, "So áláámù ilé mọ́ ilẹ̀kùn gáréèjì. Bí áláámù bá ti ké, kí ilẹ̀kùn ńlá àti kékeré tó já sí ilé ìdáná tì pa, kí olè há síbẹ̀. Fóònù mi nìkan ni kó máa ṣí i."

Aminullah dáhùn pé, "Ó ṣeé ṣe, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi okùn tí wọ́n ń fà láti fọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí èèyàn sì wà…"

"Kí olè lè rí i fà? Gé e dànù!"

Aminullah mirí, ó gé okùn. Wọ́n dán an wò, ilẹ̀kùn irin já wálẹ̀ gbàmù, Abọ́dúndé sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ó ti gbẹ́ tiẹ̀ jìn kọjá ìdí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan, bó ṣe ń wakọ̀ jáde, ìyá rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà.

"Abọ́dúndé, ní ti ìpàdé àdúrà òní…"

"Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ bá wa gbàdúrà. Ó dàbọ̀!"

Háà! Ohun tí ìyá fẹ́ sọ ni pé òun ò lọ mọ́, pé òun máa jókòó sí gáréèjì bó ẹ̀gúsí òun. Ọmọ ti lọ. Lójú ọ̀nà, ó tẹ fóònù, ó tan áláámù. Kò pẹ́ tí ìyá gbé àtẹ ẹ̀gúsí wọ gáréèjì, ni áláámù bá ké, tí ilẹ̀kùn méjèèjì tì. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n mú iná lọ. Áláámù nìkan ló ń fi bátìrì rẹ̀ ké lọ.

Husnah, aládùúgbò wọn, pe Abọ́dúndé lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn gáréèjì yín o. Ariwo áláámù pọ̀, àmọ́ ó jọ pé ohùn…"

"Olè ni! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ooru kọ́ ọ lọ́gbọ́n!" Ó pa fóònù. Husnah pè lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò gbé e.

Ó jẹun ọ̀sán, ó tún mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kó tó dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn kò gbọ́ ti fóònù, nítorí iná kò tíì dé. Aminullah ni wọ́n pè láti wá gé irin. Nígbà yẹn, gbígbá ilẹ̀kùn ti dáwọ́ dúró.

Ẹ̀gúsí ti fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ìyá sùn sí ìdí ilẹ̀kùn, bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà náà ló fi ń gbá irin. Ó ti kú. Aminullah gbójú sókè wo ibi tó ti gé okùn.

Abọ́dúndé yọ áláámù, ó yọ ilẹ̀kùn, ó fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀. Pàbó ló já sí. Lọ́sàn-án gangan, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, á máa gbọ́ ọ lára ògiri: gbà, gbà, gbà. Husnah máa ń rí i níbẹ̀, etí lára búlọ́ọ̀kù, omijé lójú, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀: "Màmá, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ tán, mo ń gbọ́." Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin, pàápàá lẹ́nu ìyá, oníṣẹ́ ọwọ́ àti aládùúgbò. Kò burú kéèyàn ṣọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dẹ pańpẹ́ sínú ilé, kó rántí pé àwọn ará ilé ló ń rìn níbẹ̀ jù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.