Kúbùsù Tí Omi Bàjẹ́

Ìyáàfin Dorotha Kimsey, alága Ẹgbẹ́ Aránkúbùsù ìlú Pinson Gap, ni wọ́n ṣẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlú ló bá a kẹ́dùn.

Lásìkò ìsinmi gígùn, ẹgbẹ́ náà máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ kúbùsù alábùlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún yẹn, aṣọ kan náà ni wọ́n pín fún ọmọdé àti àgbà, búlúù àti funfun, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń rán: ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ. Òfin alága ni pé iṣẹ́ ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ dé ilé, kí ìyá ẹnikẹ́ni má baà bá a rán an. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kó wọn sí. Ọwọ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ wà, torí ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọdé ló ń bá wọn tọ́jú nǹkan.

Renda Stiltner ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn. Òun àti ìyá bàbá rẹ̀, Orpha, ló jọ ń gbé nínú ilé páànù kan lẹ́bàá odò. Orpha ti rán kúbùsù fún àádọ́ta ọdún kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Renda ti ṣèlérí fún un pé bí ìpàtẹ kúbùsù ọdọọdún tí ẹgbẹ́ ń ṣe bá ti parí, orí ibùsùn rẹ̀ ni kúbùsù òun yóò wà kí òtútù tó dé. Òtútù kì í bá ilé páànù ṣeré.

Àṣà àwọn ará òkè níbẹ̀ ni láti dìídì fi àṣìṣe kan sínú kúbùsù, torí Ọlọ́run nìkan ni kò ní àbùkù. Orpha gé aṣọ tí kò ju ewé kan lọ lára ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí Virgil, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, fi ń wa èédú. Ó ní kí Renda rán an síbi tí ọwọ́ òun yóò ti máa bá a. Ọmọ náà tọrọ àyè lọ́wọ́ alága ní kíláàsì.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ mi, níbí, a kì í dìídì ṣàṣìṣe. Èyí tí ẹ̀ ń ṣe láìmọ̀ ti tó wa.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Renda náà rẹ́rìn-ín, ó ti aṣọ náà bọ àpò.

Alága lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni kò rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wíwá a da ara rẹ̀ láàmú. Ó ti tó ọdún méjì tí làkúrègbé ti dé sí i ní ìka. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ilé lòun ti ń rán tòun, nítorí ariwo ọmọdé. Ọwọ́ ńlá kò nílò ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, páìpù omi bẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alága nìkan ló kọ́kọ́ wọlé, kó tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nínú kúbùsù mọ́kànlá tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹyọ kan péré, ti Renda, ló bàjẹ́. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sọnù kí Renda tó dé, kí ebu má baà kó ikọ́ ran ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi tì í sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Renda ní òkè lòun gbé e sí. Alága ní omi kì í purọ́.

Ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Aṣọ ẹgbẹ́ ti ṣòfò, nítorí náà Renda yóò ka lẹ́tà ìtọrọ àforíjì níbi ìpàtẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má wá sí kíláàsì mọ́. Orpha ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní àkísà rẹ̀, bó tilẹ̀ ti hu ebu. Wọ́n ní ọkọ̀ akólẹ̀ ti kọjá.

Ọgọ́rin kúbùsù ni wọ́n fi kọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé ní Sátidé kejì oṣù Kẹwàá. Àwọn obìnrin tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ń ṣọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n. Alága ló gba ipò kìíní pẹ̀lú ìràwọ̀ búlúù tó fi etí pupa gbòòrò yí ká. Adájọ́, àlejò láti Lexington, ti fọwọ́ pa gbogbo wọn kó tó kọ ìdájọ́ rẹ̀. Wọ́n kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ohun tó wu òun jù nínú iṣẹ́ náà ni ìrẹ̀lẹ̀.

“Obìnrin yìí kò mọ Dorotha o,” ni Bernadine, akọ̀wé ẹgbẹ́, sọ sí etí ẹnì kejì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Renda ka lẹ́tà rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Aṣọ yín ni mo fi ṣòfò.” Alága gbá a mọ́ra, ó dárí jì í lójú gbogbo ènìyàn, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò.

Orpha nawọ́ sókè látorí àga onítáyà rẹ̀. Ó ní òun kò lè rí iṣẹ́ tó gbapò kìíní, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án? Alága kì í kọ ìyìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí i lórí itan. Ẹnì kan mú ìbọ̀wọ́ funfun wá.

“Gbé e kúrò, ọmọ mi,” ni Orpha wí. “Ìbọ̀wọ́ kì í ríran.”

Ó ka ìràwọ̀ láti igun ìsàlẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ní ìkẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibì kan tó búlúù bíi ti yòókù lójú gbogbo ẹni tó ń wò ó.

“Ṣẹ́ẹ̀tì Virgil nìyí,” ni ó wí, ó sì tún un wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Dorotha, gbé kúbùsù ọmọ mi fún un.”