Ẹ̀rí tí Fergus Guthrie Sè Nù

Fergus Guthrie kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olè. Àmọ̀tán ló bà á jẹ́. Ohun tó bá ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ kì í rí òmíràn mọ́.

Ní ìlú Dundee, òun ni ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ubíkúítíìnì, èròjà tíntìntín tí àwọn ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ti gbó, bí ẹni sàmì sí ẹrù tí a fẹ́ kó dànù. Ara purotéènì ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìmọ̀ yìí sọ ọ́ di ọ̀gá yàrá ìwádìí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn dókítà fi ègé iṣan kan ránṣẹ́ sí i. Ara Eilidh Petrie, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n ti gé e. Ṣúgà ń dì sínú ọkàn ọmọ náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńsáìmù tó ń sàmì sí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, àìsàn mìíràn ni, ó sì ní oògùn. Bó bá ti kú, ọkàn tuntun nìkan ló lè gba ọmọ náà là.

Morag Lamont, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú yàrá náà, rí Fergus tó ń tan ẹ̀rọ ìgbóná láti se ègé iṣan náà, bó ti máa ń ṣe kó tó wá àmì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é. Bí àmì yẹn ṣe ń di purotéènì mú kọ́ ló ṣe ń di ṣúgà mú o. Ti ṣúgà ò le rárá. Tóoru bá kàn án báyìí, ó tú nìyẹn."

"Màmá Morag, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ogún ọdún ni mo ti ń sè é."

"Purotéènì lẹ ti ń sè, ẹ ò tíì se ṣúgà rí. Ó dáa, ẹ ṣẹ́ ìdajì kù."

"Ìdajì kẹ̀! Ẹ lọ mu tíì yín, ó ń tutù."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fergus se gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tó wo àwòrán tí ẹ̀rọ yà nípa rẹ̀, kò rí àmì kankan lára ṣúgà náà. Ó kọ̀wé sáwọn dókítà pé ẹ́ńsáìmù náà ti kú.

Eilidh dúró de ọkàn tuntun fún oṣù mẹ́jọ. Kò rí i. Ó kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bàtà ilé-ìwé tuntun tí kò tíì wọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Dougal, bàbá rẹ̀, gbà kí wọ́n yẹ ọkàn ọmọ náà wò. Morag ló rọra ṣe é, kò jẹ́ kí iná kàn án. Àmì wà lára ṣúgà náà kedere. Oògùn ni ì bá wo ọmọ náà sàn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Dougal wá bá Fergus ní yàrá ìwádìí, Morag sì wà níbẹ̀. Kò pariwo.

"Wọ́n ní ìyá yìí bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìdajì kù. Òótọ́ ni?"

Fergus ò lè gbójú sókè. "Òótọ́ ni."

"Ọmọ mi sunkún nígbà tí wọ́n ń gé iṣan yẹn lára rẹ̀. Èmi ni mo ní kó fara dà á."

Wọ́n gba yàrá ìwádìí lọ́wọ́ Fergus. Kò sí dókítà tó tún fi nǹkan ránṣẹ́ sí i mọ́. Títí dòní, bó bá rí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́ọ̀ọ́kán, á yà gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìmọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. Bí ẹni tó wà lábẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró, pàápàá tó bá jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò ní èkejì. Àbámọ̀ kì í jí òkú ọmọ.