Ìwọ̀fà Onírin

Láràárọ̀, kí ilẹ̀kùn wa tó ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kọ́kọ́ kéde ibi tí èlé gbèsè wa dé. Láàárọ̀ yìí, èlé tún lọ sókè. Onídìrí, róbọ́ọ̀tì tí mo fi odidi ọdún kan kọ́ ní irun dídì, fi orí ìyá àgbà mi tó ń dì sílẹ̀, ó sì dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Ìyá àgbà di orí mú. "Ṣé ààbọ̀ ṣùkú ni mo fẹ́ gbé jáde ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ni ọ̀sán mi tẹ́lẹ̀. Láti òní lọ, àwọn náà ló ni àárọ̀."

Inú bí mi. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́, àwọn ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí Ṣíjú. Ṣùgbọ́n owó wọn lẹ fi rà mí."

"Ìwọ̀fà nìyẹn!" Ìyá àgbà pòṣé. "Bàbá ńlá mi ṣe é. Ó ń roko olówó títí, gbèsè ò dín. Wọ́n sì ní ayé ti lajú!"

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, ó sì fi ohùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀: "Ṣíjúadé, iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì kan ò tó èlé òní mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá a lọ ṣiṣẹ́."

Onídìrí jáde. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ìyá àgbà ki òòyà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Jókòó. Parí orí mi."

Mo jókòó. Ilẹ̀kùn ń pe orúkọ mi, mo sì ń rọra di ṣùkú náà, tín-ín-rín tín-ín-rín.