Òkè tí Itan Ẹtu Gbé Dìde

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣí omi odò tí wọ́n sé sílẹ̀ ní Abàdò. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ á wá máa kó àwọn tó ń gbé inú kòtò. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ni òfin ní kó máa tẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ yìí, omi ti dé ìbàdí Ìyá Mopélọ́lá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó gbé adìyẹ lérí.

Ọkọ̀ ní, “Màmá, orí òkè lẹ wà. Omi ò lè débẹ̀.”

“Ṣé ojú ń fọ́ ẹ ni?”

Baba ńlá Ìyá Mopélọ́lá ló fà á. Ó fi itan ẹtu ṣe awọnlẹ̀ lálejò, ó ní kó ya ilé òun sórí òkè nínú àwòrán náà, kó ti ilé àwọn Lábọ̀ọ̀dé sí kòtò. Láti ìgbà náà ni ìdílé rẹ̀ ti ń jẹ́ Ọmọ Olókè.

Baba Lábọ̀ọ̀dé jókòó sí àgbàlá tirẹ̀ lókè, níbi tó gbẹ táútáú, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó ké sí Ìyá Mopélọ́lá nísàlẹ̀ pé:

“Ẹ kọ̀wé pé baba ńlá yín purọ́, kí wọ́n tún àwòrán yà.”

“Kí Ọmọ Olókè wá di ọmọ kòtò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Omi dé àyà. Adìyẹ figbe ta. Ìyá Mopélọ́lá wọ́ omi jáde, ó pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí ó fi dé àgbàlá Lábọ̀ọ̀dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mo kàn ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá kí yín ni.”

“Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀ o. Ẹ mí ná.”

Ọkọ̀ já wálẹ̀ sórí eruku, ó ṣílẹ̀kùn gbàgà.

“Màmá, ẹ wọlé kíá! Omi ti fẹ́ gbé yín lọ!”